Síkéèlì Kò Yí Padà, Ṣùgbọ́n Màmá Ń Rù: Oúnjẹ àti Ọkàn Tí Kò Lágbára

Ìbéèrè òǹkàwé kan: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi jẹ́ ẹni ọdún 63, Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé. Oṣù 8 sẹ́yìn ni wọ́n dá wọn dúró sílé ìwòsàn, tí dókítà sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti sọ ọkàn wọn di aláìlágbára, pé ó ti di heart failure. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé, tí gbogbo omi ara wọn ti fà, kìlò 62 ni wọ́n wọ̀n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, 62 náà ni. Ṣùgbọ́n apá bùbá wọn ti di fẹ̀ẹ̀, aago ọwọ́ wọn ń yọ̀ lọ sí ìgbọ̀nwọ́ bí wọ́n bá gbé ọwọ́ sókè, ẹsẹ̀ wọn sì tún ti wú dé orúnkún. Wọ́n ń lo lasix, lisinopril, spironolactone àti carvedilol. Àwọn ará ilé ti ka ẹyin, ẹran, ẹ̀wà àti iṣu léèwọ̀ fún wọn. Ògì àti ẹ̀fọ́ tí kò lépo nìkan ni wọ́n ń fún wọn. Ṣé lóòótọ́ ni oúnjẹ lè mú kí àìsàn ọkàn dára tàbí kó burú sí i? Kí ni ká máa fún wọn jẹ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Ohun tí ẹ rí lára apá bùbá yẹn ṣe pàtàkì ju ohun tí síkéèlì sọ lọ. Òótọ́ ni pé oúnjẹ lè yí ọ̀nà tí àìsàn yìí máa gbà padà, àmọ́ èyí tí wọ́n ń fún Màmá báyìí, ọ̀nà tí kò dáa ló ń tì wọ́n sí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí 62 yẹn. Síkéèlì kò mọ omi yàtọ̀ sí ẹran ara. Lítà omi kan, kìlò kan ni. Bí ọkàn kò bá lè ti ẹ̀jẹ̀ lọ bó ṣe yẹ, kíndìnrín á ṣe bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ kò tó nínú ara, á wá máa di iyọ̀ àti omi mú. Omi náà á rọ̀ sẹ́sẹ̀, á rọ̀ síkùn, á sì rọ̀ sí ìbàdí ẹni tó bá ń dùbúlẹ̀ ṣáá. Lásìkò kan náà, ẹran itan, ti èjìká àti ti apá ń yọ́ lọ. Kìlò 5 ẹran ara jáde, kìlò 5 omi wọlé, síkéèlì dúró sójú kan. Ká ní omi yẹn fà lọ́la, tí Màmá wá wọn kìlò 57, a jẹ́ pé wọ́n ti pàdánù ìdá 8 nínú 100 ara wọn láàárín oṣù 8. Bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn oníṣègùn fẹnu kò lé lórí ni pé bí ẹni tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ bá pàdánù ju ìdá 5 nínú 100 lọ láàárín ọdún kan, láìka omi mọ́ ọn, tí àwọn àmì mìíràn bí àìlókun, àìfẹ́ jẹun àti àìtó ẹ̀jẹ̀ sì bá a rìn, rírù tí àìsàn ń fà ti wọlé nìyẹn. Cachexia ni wọ́n ń pè é.

Rírù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrísí. Lọ́dún 1997, Stefan Anker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 171 tí ọkàn wọn kò lágbára. Àwọn 28 nínú wọn ti rù, ó kéré tán ìdá 7.5 nínú 100. Nígbà tó fi máa pé oṣù 18, ìdajì àwọn 28 yìí ti kú. Láàárín àwọn tí kò rù, ìdá 17 nínú 100 ni. Oògùn ìgbà yẹn kò tó ti ìsinsìnyí, nítorí náà ẹ má fi iye yìí ka ọjọ́ fún Màmá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé rírù fúnra rẹ̀ jẹ́ ewu, yàtọ̀ sí bí ọkàn ṣe lágbára tó.

Kí ẹ tó ra ẹyin kan, ẹ kọ́kọ́ gbé Màmá lọ sí kílíníìkì lọ́sẹ̀ yìí nítorí ẹsẹ̀ tó wú dé orúnkún. Omi tó rọ̀ sẹ́sẹ̀ yẹn, ó ti rọ̀ sí ara ìfun pẹ̀lú. Ìfun tó bá wú kì í fa oúnjẹ mu dáadáa, kì í sì í fa kóró lasix, oògùn tó ń mú kí ara tọ omi jáde, mu dáadáa. Ìdí nìyẹn tí aláìsàn kan fi lè máa lo oògùn rẹ̀ déédéé, síbẹ̀ tí kò ní tọ̀ bí ó ṣe yẹ, títí dókítà á fi fi lasix gba inú iṣan fún ọjọ́ mélòó kan. Bí omi ìfun bá ti fà, ẹ ó rí i pé oúnjẹ á tún máa wu ènìyàn jẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi kún oògùn náà fúnra yín o. Dókítà ló máa sọ iye tó yẹ, lẹ́yìn tó bá ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Kí ló wá ń jẹ ẹran ara yìí gan-an? Àìjẹun wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan. Ẹ̀dọ̀ tó wú ń ti ikùn, ṣíbí mẹ́ta péré, inú á ti kún. Ẹni tó ń mí fúkẹ́fúkẹ́ ń ṣiṣẹ́ lórí ìjókòó. Mímí fúnra rẹ̀ ń jẹ okun tí ẹlòmíràn ń fi rìn lọ sọ́jà. Ara tó ti pẹ́ nínú wàhálà náà máa ń tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀, tó ń pàṣẹ pé kí wọ́n máa tú ẹran ara palẹ̀, tó sì ń pa ìfẹ́ oúnjẹ lẹ́nu. Ìbànújẹ́ tún wà níbẹ̀: ọ̀pọ̀ ìyá tó ti ń bọ́ gbogbo ilé látọjọ́ tó ti pẹ́ kì í fẹ́ jẹun mọ́ nígbà tó bá di pé wọ́n ń gbé àwo kékeré kan wá fún wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní kọ̀rọ̀. Lórí gbogbo èyí, èèwọ̀ ilé wá gorí rẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí èèwọ̀ yẹn ti wá, kí ẹ lè rí ọ̀rọ̀ bá àwọn ará ilé sọ. Ìmọ̀ràn "má jẹ ẹyin, má jẹ ẹran, má fi epo sí i" jáde láti inú ìtọ́jú àwọn tí ọ̀rá dí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn. Irú ìyẹn ló pọ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní THESUS-HF, tó jáde lọ́dún 2012, wo aláìsàn 1,006 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 9, Nàìjíríà wà nínú wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 àìsàn ọkàn wọn. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó dí kò tó ìdá 8. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn sì jẹ́ ọdún 52, èyí tó kéré gan-an sí ti àwọn aláìsàn ní ìlú òyìnbó. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ba ọkàn rẹ̀ jẹ́, iyọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́, kì í ṣe ẹyin. Ó dùn mí pé nínú ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n á mú ẹyin kúrò lórí àwo, wọ́n á sì fi màgí sílẹ̀ nínú ìkòkò.

Ṣé ẹ̀rí wà pé bíbọ́ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ dáadáa ń ṣe é láǹfààní? Ó wà. Ní Sípéènì, àwọn dókítà mú ènìyàn 120 tí wọ́n wà nílé ìwòsàn nítorí àìlágbára ọkàn, tí wọ́n sì ti rù. Wọ́n ṣètò oúnjẹ fún apá kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohun mímu tó ń fi kún okun fún ẹni tí oúnjẹ kò tó. Apá kejì gba ìtọ́jú tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2016. Láàárín ọdún kan, ìdá 27 nínú 100 àwọn tí wọ́n ṣètò oúnjẹ fún ló kú tàbí tí ọkàn tún gbé padà sílé ìwòsàn. Ti apá kejì jẹ́ ìdá 61. Ìwádìí kékeré ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó tóbi jù ú lọ, tí wọ́n ṣe ní Switzerland, tí apá tó kan aláìsàn ọkàn 645 jáde lọ́dún 2021, tọ́ka síbì kan náà: láàárín ọjọ́ 30, ìdá 8.4 nínú 100 ló kú nínú àwọn tí onímọ̀ oúnjẹ tọ́jú, ìdá 14.8 nínú àwọn tó kàn jẹ oúnjẹ ilé ìwòsàn lásán. Wọn kò lo oúnjẹ ìyanu kankan. Wọ́n ṣírò ohun tí ara ẹni kọ̀ọ̀kan nílò, wọ́n sì rí i dájú pé ó wọ inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ káwa náà ṣírò ti Màmá. Ara tí kò ní omi ni ká lò, ìyẹn kìlò 57 tí a fojú bù lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe 62. Èròjà amúaradàgbà, èyí tí wọ́n ń pè ní pùrótíìnì, kò gbọdọ̀ dín sí gíráàmù 1.1 fún kìlò kọ̀ọ̀kan lóòjọ́: nǹkan bí gíráàmù 63 nìyẹn. Okun oúnjẹ, kálórì 25 sí 30 fún kìlò kọ̀ọ̀kan: láti 1,425 dé 1,710. Ní báyìí, ife ògì ńlá kan kò ní ju nǹkan bí gíráàmù 3 pùrótíìnì lọ, torí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, èèrí tí a sẹ́ dànù sì ti kó lára oore àgbàdo lọ. Bí Màmá bá mu ife mẹ́ta lóòjọ́, gíráàmù 9 ni. Ẹ̀fọ́ dára, àmọ́ kò lè dí gíráàmù 54 tó ṣẹ́kù.

Ọjọ́ kan tó máa tó o lè rí báyìí. Láàárọ̀, ògì ife kékeré kan tí ẹ po ṣíbí ìjẹun méjì mílíìkì oníyẹ̀fun mọ́, pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín kan tó ní odindi ẹyin nínú. Ìyẹn nìkan lè tó gíráàmù 20. Ní bí aago 10:30, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà sísun tí kò níyọ̀, gíráàmù 7. Lọ́sàn-án, àmàlà kékeré, ẹ̀fọ́ rírò àti ẹja tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, èyí tó máa fún wọn ní nǹkan bí 20. Nírọ̀lẹ́, ife mílíìkì sóyà kan tí ẹ sè nílé, 6 tàbí 7. Lálẹ́, ìrẹsì díẹ̀, ìdajì ife ẹ̀wà àti ègé adìyẹ kékeré kan, 20 tún ni. Ó ti lé ní 70 nìyẹn, láìsí ohun tó ju agbára ilé lọ níbẹ̀. Bí owó bá há, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ẹyin nìkan lè gbé e dé ibi tó yẹ. Ẹran pupa kò pọn dandan.

Ẹ dá epo padà sínú ẹ̀fọ́. Ṣíbí ìjẹun kan òróró fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kálórì 120, kò sì gba àyè kankan nínú ikùn tí ṣíbí mẹ́ta ti ń kún. Fún ẹni tó ń rù, epo ni ọ̀nà tó yá jù láti fi okun kún oúnjẹ láìjẹ́ pé àwo tóbi sí i.

Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ náà ṣe kókó. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà díẹ̀díẹ̀ sàn ju ẹ̀ẹ̀mẹta àkúnwọ́sílẹ̀ lọ, torí ikùn tó kún ń ti iṣan tí a fi ń mí sókè, ẹ̀jẹ̀ tó sì yẹ kó lọ síbòmíràn á ya lọ sí ìfun. Kí wọ́n jókòó gbọọrọ, kí wọ́n sinmi bí ìṣẹ́jú 30 kí wọ́n tó jẹun tó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán, nítorí ìwẹ̀ ń rẹ̀ wọ́n. Ẹja tàbí ẹyin ni kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ, kí ìrẹsì tẹ̀ lé e. Bí inú bá kún lójijì, èyí tó ṣe pàtàkì ti wọlé. Omi kí ó dúró di ẹ̀yìn oúnjẹ. Lasix láàárọ̀, bí dókítà bá fún wọn ní ìgbà kejì, kó má kọjá ọ̀sán, kí ìtọ̀ má bàa gba oorun àti oúnjẹ alẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ó wá kan iyọ̀. Ẹ wo ìkòkò ẹ̀fọ́ kan tí ènìyàn 5 máa jẹ. Ẹni tó ń sè é sọ kóró màgí 4 sí i, gíráàmù 4 ni kóró kọ̀ọ̀kan, iyọ̀ sì tó ìdajì rẹ̀: gíráàmù 8 iyọ̀ nìyẹn. Ó tún bu ṣíbí ìmutíì kan iyọ̀ gan-an lé e, gíráàmù 5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 13; pín in sí 5, ó di 2.6 lórí àwo kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, 5.2. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé ẹni tí ara rẹ̀ le kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5 lódindi ọjọ́. Búrẹ́dì kò tíì dé ibẹ̀, sàdíìnì inú agolo kò tíì dé ibẹ̀, núdùlù àti ìyẹ̀fun inú ọ̀rá rẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀.

Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé, bí ata bá ti din, tí ẹja ti wọ ìkòkò, kí iyọ̀ àti màgí tó wọlé, ẹ bu ti Màmá sínú ìkòkò kékeré. Ẹ fi àlùbọ́sà tó pọ̀, atalẹ̀, ááyù, ẹfinrin àti irú parí tiwọn. Irú fúnra rẹ̀ kò ní ìṣòro, àmọ́ àwọn tó ń tà á máa ń fi iyọ̀ sí irú wooro kó má bàa bàjẹ́. Ẹ tọ́ ọ wò lọ́jà, bó bá níyọ̀, ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ lé oúnjẹ náà lórí nígbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n jẹun. Kíkan rẹ̀ máa ń bo àìníyọ̀. Ahọ́n á gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di ìyà. Ìwádìí kan wà lọ́dún 2022, SODIUM-HF, tó kó ènìyàn 806 jọ ní orílẹ̀-èdè 6. Wọ́n ní kí apá kan máa jẹ sódíọ̀mù tí kò tó mílígíráàmù 1,500 lóòjọ́. Ikú àti ìdápadà sílé ìwòsàn kò dín kù tó bí wọ́n ṣe rò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara tu àwọn tó dín in kù díẹ̀ sí i. Àwọn ènìyàn yẹn kò jẹ iyọ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá, bíi gíráàmù 6 lóòjọ́. Lójú tèmi, ohun tó kọ́ wa ni pé kí Màmá kúrò lórí màgí àti iyọ̀ àpọ̀jù, kì í ṣe kí oúnjẹ di èyí tí ẹnu kò lè gbà. Bó bá jẹ́ pé ìka iyọ̀ kékeré kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí ìmutíì fún gbogbo ọjọ́, ló máa jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹja yẹn tán, ẹ fi sí i.

Káún ńkọ́? Èyí ni ilé gbàgbé jù. Sódíọ̀mù ló kún inú káún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn bí iyọ̀. Ẹni tó ti yọ iyọ̀ kúrò nínú oúnjẹ, tó wá ń fi káún se ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀, tó ń fi sí ewédú kó lè yọ̀, tàbí tó ń lá a nítorí inú rírun, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wú, kò ní mọ ìdí. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, ẹ da omi yẹn nù, á rọ̀. Ewédú, ìjábẹ̀ tó. Ẹ sì béèrè bóyá káún wà nínú àgbo tí ẹnikẹ́ni bá gbé wá fún wọn. Àgbo tó ń mú ènìyàn tọ̀ lè pàdé lasix nínú ara, kó gbẹ omi ara tàbí kó da kíndìnrín láàmú.

Ewu kejì fara pa mọ́ sábẹ́ ohun tó dà bí oore: iyọ̀ tí wọ́n ń tà pé kò ní sódíọ̀mù. Pòtásíọ̀mù ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Lisinopril àti spironolactone tí Màmá ń lò, àwọn méjèèjì ló ń dá pòtásíọ̀mù dúró sínú ara. Bí ó bá pọ̀ jù, ọkàn lè máa lù ségesège, ó sì lè dúró lójijì. Kí iyọ̀ yẹn má wọlé yín. Omi àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, iṣu àti tòmátì púpọ̀ ní pòtásíọ̀mù. Kì í ṣe èèwọ̀, ṣùgbọ́n èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní E/U ló máa sọ bí ó ṣe yẹ kó pọ̀ tó. Bí wọn kò bá tíì ṣe é láàárín oṣù mẹ́ta tó kọjá, ẹ ní kí wọ́n ṣe é.

Omi mímu: bí ẹsẹ̀ bá ṣì wú, dókítà sábà máa ń ní kó má ju lítà 1.5 sí 2 lọ. Píọ̀ wọ́tà inú ọ̀rá jẹ́ 50 cl, nítorí náà ọ̀rá mẹ́ta ni lítà 1.5. Ògì, tíì, omi ọbẹ̀ àti mílíìkì wà nínú ìṣirò náà. Ìdí mìíràn nìyẹn tí ògì ife ńlá mẹ́ta fi pa Màmá lára: ó gba àyè omi, kò fi nǹkan sílẹ̀. Nígbà tí wíwú bá ti lọ, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè tú u sílẹ̀. Dídín omi mímu kù fún ẹni tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní àǹfààní, òùngbẹ ló ń dá sílẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó máa ń bá àìsàn yìí rìn, àìtó èròjà irin sì lè wà kódà bí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ bá dára. Àyẹ̀wò ferritin àti transferrin saturation ló ń fi hàn: ferritin tí kò tó 100, tàbí tó wà láàárín 100 sí 299 tí èkejì sì kéré sí ìdá 20 nínú 100. Ẹ má kàn ra blood tonic. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2017 fi hàn pé irin tí aláìsàn ọkàn gbé mì fún ọ̀sẹ̀ 16 kò fi kún agbára rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi gba inú iṣan ló ti ṣiṣẹ́ nínú àwọn ìwádìí mìíràn. Lasix tún máa ń fọ fítámì B1 jáde nínú ìtọ̀, ògì àti ìrẹsì funfun kò sì ní in tó. Ẹ̀wà àti ẹ̀pà ní in, ìdí mìíràn tí mo fi fẹ́ kí ẹ dá wọn padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á náà, ẹ gbọ́: bí kíndìnrín aláìsàn yín bá ti ń ṣàìsàn, ìṣirò pùrótíìnì yìí kì í ṣe tirẹ̀, dókítà ló máa sọ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí kò jẹ nǹkan kan tó nítumọ̀ fún bí ọjọ́ 10. Ẹ má fi oúnjẹ kún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nílé. Ara tó ti gbẹ, bí oúnjẹ bá ya wọ inú rẹ̀ lójijì, pòtásíọ̀mù, fọ́sífétì àti fítámì B1 inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ọkàn sì lè daṣẹ́ sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀, láti kálórì 10 fún kìlò kan lóòjọ́, kí wọ́n tó máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ẹran ara ló ń padà, kì í ṣe omi? Ẹ lo nǹkan mẹ́ta. Síkéèlì láràárọ̀, lẹ́yìn ìtọ̀, kí wọ́n tó jẹun, aṣọ kan náà. Bó bá fi ju kìlò 2 lọ láàárín ọjọ́ 3, omi ni, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà. Àtàǹpàkò: ẹ tẹ ojúgun mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ gbé e kúrò, bí kòtò bá kù síbẹ̀, omi ṣì wà, ẹ sì kọ ibi tó ga dé. Ẹ̀kẹta ni téèpù aránṣọ. Ẹ wá àárín apá òsì, láàárín ṣóńṣó èjìká àti ìgbọ̀nwọ́, ẹ fi téèpù yí i ká nígbà tí ọwọ́ bá rọ̀ sílẹ̀, ẹ má fún un. Omi kì í sábà dé apá, ìdí nìyẹn tó fi ń sọ òtítọ́ tí síkéèlì ń pa mọ́. Bó bá kéré sí sẹ̀ǹtímítà 23.5 fún àgbàlagbà, ó ṣeé ṣe kó ti rù jù. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù, apá kan náà, ọwọ́ ẹnì kan náà. Bí ìwúwo bá ń wálẹ̀ nígbà tí wíwú ń lọ, tí apá sì dúró tàbí tó ń pọ̀, ẹ máa yọ̀. Bí apá ṣe ń kéré sí i ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ẹ ó tún gbọ́ pé nínú àwọn tí ọkàn wọn kò lágbára, àwọn tó sanra díẹ̀ máa ń pẹ́ ju àwọn tínínrín lọ. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló rí i bẹ́ẹ̀. Apá kan ìdí rẹ̀ ni pé àwọn tí àìsàn ti jẹ rù wà lára àwọn tínínrín yẹn. Kì í ṣe àṣẹ láti sanra. Ẹni tó sanra jọ̀kọ̀tọ̀ lè nílò láti fọn díẹ̀, lábẹ́ ojú dókítà. Ẹni tó ń rù láìfẹ́, bíi Màmá, kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ kankan lásìkò yìí, ì báà jẹ́ ti ìjọ tàbí ti mọ́ṣáláṣí, láìkọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀.

Bí wíwú bá ti fà tí èémí sì balẹ̀, kí Màmá máa dìde lórí àga kí wọ́n tún jókòó, ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún nírọ̀lẹ́, kí ẹnì kan dúró tì wọ́n. Oúnjẹ láìsí iṣẹ́ díẹ̀ kì í di ẹran itan.

Bí ẹ bá ń lọ sí kílíníìkì, ẹ mú gbogbo oògùn dání nínú ọ̀rá kan, títí kan àgbo àti fítámì, àti ìwé kékeré kan tí ẹ kọ ìwúwo, ibi tí wíwú dé, ìwọ̀n apá àti ohun tí wọ́n jẹ lánàá sí. Ẹ sọ fún dókítà pé, "kìlò 62 ni, àmọ́ apá ti tín-ín-rín." Ẹ béèrè fún E/U, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ àti ferritin, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ̀wé fún yín sí onímọ̀ oúnjẹ ilé ìwòsàn náà. Bí Màmá bá ń daku, bí wọn kò bá lè dùbúlẹ̀ torí èémí, bí ọkàn bá ń lù kìjikìji tàbí bí wọ́n bá ń bì tí oògùn kò dúró, ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníìkì. Ẹ gbé wọn lọ lálẹ́ ọjọ́ náà.